George Headley: ọkùnrin tí ó fi pákó ru ẹrù ikọ̀ rẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òwe yìí dùn létí, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí á sọ nígbà tí ọmọdé bá wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí gbogbo ayé sì rí i pé ọwọ́ náà mọ́, síbẹ̀ tí àwọn tí ó jókòó ti àwo kò sún fún un?

Ìtàn tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí dá lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn George Headley ni, ọmọ Jàmáíkà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ eré kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe jù lọ láti ìgbà tí eré náà ti wà. Ọdún 1930 ni ó kọ́kọ́ bá ikọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì figa gbága nínú ìdíje ńlá, fún ikọ̀ àwọn erékùṣù Karíbíánì tí wọ́n ń pè ní West Indies. Kò pẹ́ tí ó fi hàn sí tọmọdé tàgbà pé kò sí ẹni tí ó tó o nínú ikọ̀ náà. Síbẹ̀, ó di ọdún 1948 kí wọ́n tó gbà pé kí ó ṣe balógun ikọ̀, ìyẹn sì jẹ́ fún ìdíje kan ṣoṣo. Ọdún 18 ni ó wà láàárín. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni ó fà á.

Irú eré wo ni kíríkẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́ kò rí eré kíríkẹ́ẹ̀tì rí. Kò yani lẹ́nu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé eré náà káàkiri àwọn ilẹ̀ tí wọ́n jẹ gàba lé lórí. Àwọn Faransé kò fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé Èkó, tí ó sì gba Tafawa Balewa Square kọjá, ti súnmọ́ pápá kan tí wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà ní ṣókí.

Ikọ̀ méjì ni ó máa ń pàdé, ènìyàn 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àárín pápá ni ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, gígùn rẹ̀ tó mítà 20. Wọ́n ri igi kéékèèké mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan, wọ́n sì ri mẹ́ta mìíràn mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Ajùbọ́ọ̀lù láti inú ikọ̀ kan yóò sáré wá láti ìhín, yóò sì ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le koko sí àwọn igi tí ó wà lọ́hùn-ún. Onípákó láti inú ikọ̀ kejì ni ó dúró níwájú àwọn igi náà. Pákó pẹlẹbẹ kan ni ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Iṣẹ́ méjì ni ó ń fi pákó náà ṣe: kí bọ́ọ̀lù má baà ba igi, àti kí ó lè gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà.

Onípákó mìíràn wà ní ìpẹ̀kun kejì tí ó ń dúró dè é. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ jìnnà, àwọn méjèèjì yóò sáré pààrọ̀ ààyè. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pààrọ̀ ààyè tán, àmì 1 ni wọ́n jẹ. Bí bọ́ọ̀lù bá yí lórí ilẹ̀ títí tí ó fi kọjá ààlà pápá, àmì 4 ni. Bí ó bá fò kọjá ààlà láì kan ilẹ̀, àmì 6 ni. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ba igi, tàbí bí alátakò bá hán bọ́ọ̀lù tí onípákó gbá kí ó tó kan ilẹ̀, wọ́n ti lé onípákó náà jáde nìyẹn. Ẹlòmíràn nínú ikọ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sí ipò rẹ̀.

Àṣìṣe ẹyọ kan ti tó láti lé ènìyàn jáde. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń dùn gidigidi nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá jẹ àmì 100. Ó lè gba wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdíje ńlá láàárín orílẹ̀-èdè a máa gba ọjọ́ púpọ̀, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì máa gbá lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé a máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé ńlá kan. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jù, àmì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jẹ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi akọ̀wé yìí sọ́kàn. A ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ àwọn tí ó wá iṣẹ́ lọ

Ìlú Colón ní orílẹ̀-èdè Panamá ni wọ́n bí George Headley sí, ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1909. Ọmọ erékùṣù Barbados ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni ìyá rẹ̀. Kí ni ó gbé wọn dé Panamá? Iṣẹ́ ni. Ní àkókò náà, wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà omi ńlá kan tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lè la ilẹ̀ kọjá láti inú òkun kan sí òmíràn. Àwọn Faransé ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1881 lábẹ́ Ferdinand de Lesseps, ṣùgbọ́n àìsàn pa àwọn òṣìṣẹ́, owó sì tán. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbà á ṣe ní ọdún 1904. Ọdún 1914 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ibẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Barbados àti ọmọ Jàmáíkà ni ó lọ ta agbára wọn níbẹ̀. Owó wúrà ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ àwọn òyìnbó ará Amẹ́ríkà. Owó fàdákà ni wọ́n fi ń san ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibùgbé wọn yàtọ̀, ilé ìtajà wọn sì yàtọ̀. Bàbá Headley wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tún gbé ẹbí náà lọ sí Kúbà nígbà tí George ṣì kéré.

Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ ní Panamá àti ní Kúbà, òun náà sì ni ọmọ náà ń sọ. Èyí kò tẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ó fẹ́ kí ọmọ òun kàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé ní Jàmáíkà. Ní ọdún 1919, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 10, ìyá rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, ó sì fi í sọ́dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Nítorí ìwé ni ìyá náà ṣe rin ìrìn-àjò yẹn. Kò mọ̀ pé pápá ìṣeré ni yóò sọ ọmọ òun di olókìkí.

Ìwé tí kò tètè dé

Nígbà tí Headley jáde nílé ìwé, ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò mìíràn ti wà nílẹ̀ fún un. Àwọn òbí rẹ̀ ti lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà. Yóò lọ bá wọn níbẹ̀, yóò sì kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Gbogbo nǹkan ti tò tán, àfi àwọn ìwé tí ó nílò fún ìrìn-àjò náà, tí kò tètè dé.

Bí ó ti ń dúró de ìwé, ikọ̀ kan láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Jàmáíkà ní oṣù kejì ọdún 1928. Ìjòyè kan tí wọ́n ń pè ní Lord Tennyson ni ó kó wọn wá. Wọ́n mú Headley, ọmọ ọdún 18, sínú ikọ̀ Jàmáíkà láti bá wọn ṣeré. Nínú ìdíje kejì, ọmọ náà dúró ti igi rẹ̀, ó sì jẹ àmì 211 kí wọ́n tó rí i lé jáde. Àwọn tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sí i kì í ṣe ọmọdé; àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré náà wà lára wọn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ eyín parí. Bí ìwé náà bá ti dé lásìkò ni, bóyá ibi tí ó ti ń yọ eyín ni ìbá ti lo ayé rẹ̀, a kì bá sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ọdún tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n

Ní oṣù kìíní ọdún 1930, ikọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí àwọn erékùṣù náà fún ìdíje ńlá mẹ́rin. Ọmọ ogún ọdún ni Headley nígbà náà. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, ní Bridgetown, ó jẹ àmì 21. Nígbà tí wọ́n gbá lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ 176. Kò sí ọmọ West Indies kankan tí ó jẹ àmì 100 rí nínú ìdíje ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kejì, wọ́n pàdé ní Georgetown, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Guyana lónìí. Headley jẹ àmì 114 ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sì jẹ 112 ní ìgbà kejì. West Indies borí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ náà borí nínú ìdíje ńlá láti ìgbà tí wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti wọ̀ ọ́ ní ọdún 1928.

Èyí tí ó kẹ́yìn, tí wọ́n ṣe ní Kingston ní oṣù kẹrin, ni ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Wọn kò dá iye ọjọ́ fún un. Wọ́n ní àwọn yóò gbá títí ẹnì kan yóò fi borí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ àmì 849 ní ìgbà àkọ́kọ́ nìkan. Nígbà tí ó kan West Indies láti gbá lẹ́ẹ̀kejì, àmì 836 ni wọ́n ní láti jẹ kí wọ́n tó lè borí. Ta ni yóò tilẹ̀ gbìyànjú irú rẹ̀? Headley bọ́ sójú pápá, ó gbá, ó gbá, ó jẹ àmì 223. Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ọjọ́ kẹsàn-án pé, ìdíje kò parí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà sílé ń dúró ní èbúté. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì tú ká láìsí ẹni tí ó borí.

Nínú ìdíje mẹ́rin náà, àmì 703 ni Headley nìkan jẹ. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Balógun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni West Indies lò nínú ìdíje mẹ́rin yìí. Erékùṣù tí ó bá gbàlejò ni wọ́n ti ń mú balógun. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní Ọsirélíà

Ní ìparí ọdún 1930, West Indies lọ sí Ọsirélíà. Níbẹ̀ ni Headley ti pàdé Clarrie Grimmett, ajùbọ́ọ̀lù tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀. Grimmett kì í ju bọ́ọ̀lù kí ó yára. Ó máa ń fi ìka lọ́ ọ, tí ó fi jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù náà bá kan ilẹ̀, yóò yà síbi tí onípákó kò retí. Kò pẹ́ tí ó fi ṣàkíyèsí pé Headley lágbára gan-an láti gbá bọ́ọ̀lù sí apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n apá òsì kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ju gbogbo bọ́ọ̀lù sí apá òsì náà. Àmì Headley dín kù.

Ẹlòmíràn ìbá bínú, ìbá sì máa ṣàròyé. Headley lọ ṣe ìdánrawò. Ó yí bí ó ti ń dúró padà, ó tún bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ ṣe, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù sí apá òsì títí tí apá náà fi di ìrọ̀rùn fún un. Ní Brisbane, ní oṣù kìíní ọdún 1931, ó jẹ àmì 102, wọn kò sì lè lé e jáde títí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tán. Ní Sydney, nínú ìdíje tí ó kẹ́yìn, ó jẹ 105, West Indies sì borí ní Ọsirélíà fún ìgbà àkọ́kọ́. Grimmett fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé nínú gbogbo àwọn tí òun ti ju bọ́ọ̀lù sí, kò sí ẹni tí ó lágbára ní apá òsì bí Headley. Ibi tí ó ti ṣe àìlera tẹ́lẹ̀ ni ó wá di ibi agbára rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ọmọ Ọsirélíà kan tí ń jẹ́ Don Bradman ni gbogbo ayé gbà pé ó mọ pákó mú jù lọ. Àwọn akọ̀ròyìn bẹ̀rẹ̀ sí pe Headley ní Bradman dúdú. Àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé dáhùn pé ó dára, àwọn náà yóò máa pe Bradman ní Headley funfun.

Onípákó tí ó ń gba owó iṣẹ́

Ẹ má ṣe rò pé òkìkí yìí ń bọ́ ọ. Ní àwọn erékùṣù náà, kò sí ẹni tí ó lè fi eré kíríkẹ́ẹ̀tì jẹun nígbà náà. Àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó ní ààyè láti máa ṣeré. Òtòṣì tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀nà ṣí ní ọdún 1933, nígbà tí West Indies lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Headley jẹ àmì 169 ní Manchester láìjẹ́ pé wọ́n lé e jáde, ó sì jẹ àmì tí ó lé ní 2000 nínú gbogbo ìdíje ìrìn-àjò náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Haslingden gbà á síṣẹ́. Apá àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Haslingden wà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ òwú pọ̀ sí. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò náà ní ikọ̀ tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé òwú, àwọn alágbàfọ̀, àwọn olùkọ́ ni wọ́n máa ń ṣeré ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa gba owó iṣẹ́. Ní Nelson, tí kò jìnnà síbẹ̀, ọmọ Trinidad kan, Learie Constantine, ẹlẹgbẹ́ Headley nínú West Indies, ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà láti ọdún 1929.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹni tí ìlú ń sanwó fún kò gbọ́dọ̀ já ìlú kulẹ̀. Bí ó bá jẹ àmì 50 ní ọjọ́ kan, wọn a gbé àpótí káàkiri láàárín àwọn òǹwòran, oníkálukú a sì fi owó díẹ̀ síbẹ̀ fún un. Láti ọdún 1934 títí dé 1939 ni Headley fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Haslingden. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ilé òwú ni ó fún un ní oúnjẹ tí àwọn ọlọ́lá erékùṣù tirẹ̀ kò lè fún un.

Igi kan kò lè dá igbó ṣe

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní orúkọ ìnagijẹ kan: Atlas. Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìsì, Atlas ni òmìrán tí ó gbé ọ̀run rù sí èjìká rẹ̀. Orúkọ náà bá a mu. Nígbà tí Headley bá wà lójú pápá, ìrètí wà. Bí wọ́n bá ti lé e jáde, àwọn òǹwòran a bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ mọ́.

Ẹrù náà wúwo. C.L.R. James, òǹkọ̀wé ọmọ Trinidad tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1963. Ó ní ní alẹ́ tí ìdíje ńlá bá ku ọ̀la, Headley kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Yóò dùbúlẹ̀, yóò máa rí àwọn ajùbọ́ọ̀lù ọ̀la lọ́kàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù wọn nínú òkùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti bá wọn pàdé tán.

Ìdíje kan fi bí ẹrù náà ti rí hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1939, West Indies pàdé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lord's, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, pápá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ̀wọ̀ fún jù lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ikọ̀ náà jẹ àmì 277. Headley nìkan jẹ 106 nínú rẹ̀. Ní ìgbà kejì, ikọ̀ náà jẹ àmì 225. Headley nìkan jẹ 107. Kò sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òyìnbó tàbí aláwọ̀ dúdú, tí ó jẹ àmì 100 lẹ́ẹ̀mejì rí nínú ìdíje ńlá kan ní Lord's. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa: nínú ènìyàn 11, ẹnì kan ṣoṣo ru ohun tí ó ju ìdá mẹ́ta iṣẹ́ náà lọ. Síbẹ̀, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó borí. Bí agbára ẹnì kan ti wù kí ó pọ̀ tó, igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀. Ọdún tí agbára ọkùnrin máa ń pé jù lọ, láti ọgbọ̀n ọdún sókè, ni ogun náà gbà lọ́wọ́ Headley.

Ta ni yóò ṣe balógun?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ. Òwò ẹrú ni ó kó àwọn baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú dé erékùṣù wọ̀nyí. Wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní ọdún 1838. Ṣùgbọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọwọ́ àwọn òyìnbó díẹ̀ ni ilẹ̀, òwò àti ìjọba ṣì wà. Àwọn náà ni ó ń darí ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ju bọ́ọ̀lù, ó lè di pákó mú, ó lè sáré. Ṣùgbọ́n kí ó pàṣẹ fún òyìnbó, kí ó ronú fún ikọ̀, wọ́n ní kò lè ṣe é.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1935 já irọ́ náà. West Indies ń bá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì figa gbága ní Kingston. Headley jẹ àmì 270 láìjẹ́ pé wọ́n lé e jáde. Balógun ikọ̀, Jack Grant, òyìnbó tí ó kàwé ní yunifásítì Cambridge, fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, ó sì ní kí Constantine, aláwọ̀ dúdú, gba ipò òun lójú pápá. Constantine darí ikọ̀ náà dé òpin. Wọ́n borí ìdíje náà, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ borí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbogbo ìdíje ọdún náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Gbogbo ènìyàn rí i. Ta wá ni wọ́n fi ṣe balógun ní ọdún 1939, nígbà tí Jack Grant kò sí níbẹ̀ mọ́? Rolph Grant ni, àbúrò rẹ̀. Headley àti Constantine wà nínú ikọ̀ kan náà, wọ́n ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ṣe ìdá kan nínú ohun tí wọ́n ti ṣe.

Lẹ́yìn ogun, nǹkan ń yí padà. Ní ọdún 1944, gbogbo àgbàlagbà ní Jàmáíkà gba ẹ̀tọ́ láti dìbò, olówó àti aláìní. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè béèrè tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, ní Bridgetown, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1930, George Headley di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ṣe balógun West Indies nínú ìdíje ńlá. Ó ti sún mọ́ ọmọ ọdún 39. Ẹ̀yìn dídùn dá a dúró lẹ́yìn ìdíje náà, òyìnbó sì tún gba ipò balógun. Headley kò ṣe é mọ́ láéláé.

Ó di ọdún 1960 kí wọ́n tó fi aláwọ̀ dúdú mìíràn, Frank Worrell, ṣe balógun ìrìn-àjò odidi kan lọ sí Ọsirélíà. Ipò náà kò bọ́ sí i lọ́wọ́ lásán. C.L.R. James, tí a ti dárúkọ, ni olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Trinidad nígbà náà. Ó ń kọ̀wé, ó tún ń kọ̀wé, ó ń béèrè ìdí tí ẹni tí ó yẹ kò fi dé ipò tí ó yẹ ẹ́, títí tí àwọn aláṣẹ fi gbà.

Ìpadàbọ̀

Ìtàn náà kò parí ní ọdún 1948. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Headley ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣe ìdíje ńlá ní Kingston ní oṣù kìíní ọdún 1954. Àwọn ará Jàmáíkà dá owó jọ láti gbé e wá sílé. Ọmọ ọdún 44 ni. Àmì 16 ni ó jẹ ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sì jẹ ẹyọ 1 ní ìgbà kejì. Agbára ọ̀dọ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n dá kì í ṣe nítorí àmì tí yóò jẹ. Wọ́n dá a kí ojú wọn lè tún rí ẹni tí ó gbé orí wọn sókè nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí ó gbé e sókè.

Ìdíje ńlá 22 ni Headley ṣe láyé rẹ̀. Àmì 2190 ni ó jẹ nínú wọn, ó sì kọjá àmì 100 ní ìgbà mẹ́wàá. Bí a bá pín gbogbo àmì rẹ̀ sí iye ìgbà tí wọ́n lé e jáde, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 61 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Onípákó tí ó bá lè fi 50 parí iṣẹ́ rẹ̀, àgbà ni wọ́n kà á sí.

Lẹ́yìn tí ó fi pákó lélẹ̀, ó fi eré náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Jàmáíkà. Ó kú ní Kingston ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1983. Ọmọ rẹ̀, Ron, gbá fún West Indies ní ọdún 1973. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Dean, gbá fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1997. Ìdílé wọn ni àkọ́kọ́ tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti ṣe ìdíje ńlá.

Ohun tí a kọ sílẹ̀

Ẹ rántí akọ̀wé tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Àwọn tí kò fẹ́ kí Headley ṣe balógun lè sọ ohun tí ó wù wọ́n nípa àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní sùúrù, kò ní ọgbọ́n, kò lè ru ẹrù. Ṣùgbọ́n 176 wà nínú ìwé. 223 wà nínú ìwé. 106 àti 107 wà nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ wọn àti orúkọ ẹni tí ó jẹ wọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè pa wọ́n rẹ́.

Ẹ̀rí nìkan kò tó, nítorí pé ọdún 18 ni ẹ̀rí fi wà nílẹ̀ kí àwọn tí ó jókòó ti àwo tó sún díẹ̀. Ó gba kí àwọn mìíràn dìde láti sọ̀rọ̀, kí wọ́n dìbò, kí wọ́n kọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀rí, kí ni wọn ìbá fi sọ̀rọ̀? Headley wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Àwọn ọmọ tí ó tẹ̀ lé e ni ó jókòó jẹun yó.